Bátìrì Mẹ́fà Lẹ́bàá Àmù

Ẹni tó bá sọ fún yín pé afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ ní Oko-Akarè, irọ́ ló pa. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a máa ká aṣọ kúrò lórí okùn lọ sí oko olóko, ẹni tó ni aṣọ á sì máa sáré tẹ̀lé e bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Omi ni wọn kò ní. Orí ilẹ̀ gíga ni ìlú náà wà. Kànga tí àwọn baba wọn gbẹ́ jìn títí, amọ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń bá bọ̀. Ìsun kan ṣoṣo ló wà, nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó bá jí lọ síbẹ̀ ní àkùkọ ìdájí, oòrùn á ti ta á lórí kí ó tó padà délé. Bí òjò bá sì rọ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè bí ilẹ̀ dúdú yẹn ṣe ń yọ̀.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ló pa Ìyábùnmi. Àbúrò Ògúntóyè ni, òun nìkan ni wọ́n jọ jáde nínú ìyá kan náà, Ẹfúnwùmí. Ó gbé ìkòkò omi sórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ìkòkò fọ́, ẹ̀yìn òun náà sì kán. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lórí ẹní. Ògúntóyè wá láti Pọ́bẹ̀, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ réluwé, ó jókòó tì í, omi ni ọmọbìnrin náà sì ń tọrọ títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá rí Ògúntóyè tó dákẹ́, ohun tó ń rò ni bí omi yóò ṣe gun òkè wá bá àwọn obìnrin, dípò kí àwọn obìnrin máa sọ̀ kalẹ̀ lọ bá omi. Kò tún sí ohun mìíràn tó ń fẹ́ láyé.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ní réluwé ni títọ́jú àwọn bátìrì ńláńlá tó wà lábẹ́ ọkọ̀, èyí tó ń tan iná fún èrò. Nígbà tó di ọdún keje òmìnira, ìjọba Dàhòmẹ̀ ní àwọn fẹ́ dán ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, èyí tí afẹ́fẹ́ ń yí kó lè mú iná wá, wò ní ìlú mẹ́ta. Ògúntóyè kọ ìwé, ó bẹ̀bẹ̀, ó fi iṣẹ́ réluwé sílẹ̀, ó sì gba ọ̀kan wá sí Oko-Akarè. Ọ̀kan lọ sí orí òkè Atakora lọ́hùn-ún ní àríwá, níbi tí àpáta ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, n kò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Àdéhùn ìjọba kò le. Ẹ̀rọ náà á máa yí, á máa fi agbára kún bátìrì mẹ́fà, bátìrì á máa tan àtùpà kan. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, ìgbà tó bá wù ú ló ń wá. Ìdí nìyẹn tí bátìrì fi ṣe pàtàkì ju abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lókè lọ, nítorí òun ló ń fi èyí tó wá lónìí pamọ́ de ọ̀la tí kò ní wá. Bí ọdún kan bá pé, ọ̀gá kan á wá láti Àjàṣẹ́, olú ìlú, á wọn bátìrì wò. Ìlú tí bátìrì rẹ̀ bá gbé agbára pamọ́ jù ni wọn yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún, èyí tí yóò máa fa omi láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wá sókè. Ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ni ìjọba ní, ìlú kan ṣoṣo ni yóò sì gbà á.

Ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀, Fátókun, ni wọ́n ri òpó ẹ̀rọ náà mọ́, nítorí ibẹ̀ ló ga jù. Àwọn ọkùnrin ìlú fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Wọ́n á ní, "Ògúntóyè, abẹ̀bẹ̀ rẹ ń fẹ́ ara rẹ̀, àwa ń làágùn." Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àtùpà náà ń tàn lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Fátókun, afẹ́fẹ́ fẹ́ o, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ o. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá, àwọn ẹlẹ́yà ọ̀hún ló kọ́kọ́ ń gbé ọpọ́n ayò wá sábẹ́ rẹ̀.

Àṣìṣe ọkùnrin yìí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́, nítorí ó ń dùn mí. Bátìrì kò fẹ́ ooru. Ibi tó tutù jù nínú ilé Fátókun ni yàrá tí àwọn àmù omi wà, ibẹ̀ ló sì tò wọ́n sí, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, lẹ́bàá àmù. Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló wà nínú wọn. Asíìdì ni wọ́n ń pè é ní réluwé, omi oró tó ń bó ara ni. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sì ń kánjú. Ó ní, "Omi ni, ìyá. Inú omi yẹn ni agbára ń sùn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣeré níbẹ̀."

Bó bá jẹ́ pé ó ní oró ni, wọn ì bá jìnnà sí i. Omi ló ní. Lóṣooṣù, lójú gbogbo wọn, á ṣí àwọn ìdérí kéékèèké orí wọn, á bu omi òjò tó ti fi aṣọ funfun sẹ́ kún èyí tó fà. Ẹfúnwùmí sì gba nǹkan náà sí àmù tòótọ́. Láràárọ̀, bó bá ti nu ara àmù tirẹ̀ tán, á nu eruku ara bátìrì, á máa lé àwọn ọmọdé pé, "Ẹ kúrò nídìí omi ìlú." Ògúntóyè á gbọ́, inú rẹ̀ á dùn pé ìyá òun fẹ́ràn iṣẹ́ òun. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, àbí ẹ ò mọ̀?

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí ọ̀gá dé, kábọ́nù inú dínámò, ẹ̀yà tó ń sọ yíyí abẹ̀bẹ̀ di iná, jẹ tán. Ògúntóyè gba Kútọnù lọ láti wá òmíràn. Ọjọ́ méjì ló rò, ọjọ́ mẹ́fà ló lò, nítorí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba, ọ́fíìsì tó bá wọ̀, kò sí ẹni tó mọ ẹni tí í ṣe ọ̀gá mọ́. Ọjọ́ keje ló tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Pọ́bẹ̀, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó pàdé létí ìlú ni àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀. Bàbá náà ṣí fìlà, ó ní, "Ògúntóyè, o kú ará fẹ́ra kù o."

Fátókun ti kú. Ó sùn ní ọjọ́ kejì tí ọmọ rẹ̀ lọ, kò sì jí. Wọ́n ránṣẹ́ sí Pọ́bẹ̀, ẹni tí wọ́n rán kò bá a, wọ́n sì sin ín. Ògúntóyè ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lójú oórì bàbá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sunkún bí ọmọdé. Àwọn èèyàn fi í sílẹ̀ kó sunkún tẹ́rùn kí wọ́n tó fà á dìde.

Ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní pẹ̀lú aṣọ opó. Wọ́n dìrọ̀ mọ́ra. Nígbà tí ẹkún dá díẹ̀, ìyá náà ní, "Má rò pé a gbàgbé ẹ̀rọ ìlú."

Ògúntóyè gbójú sókè. "Kí lẹ ṣe sí i, ìyá?"

Àṣà ilé wọn kan wà, ó ti wà kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà Àjà-Wẹ̀rẹ̀, agbègbè wọn. Bí baálé bá kú sínú ilé, gbogbo omi tó bá òkú sùn lábẹ́ òrùlé kan náà ti di omi ikú. Wọn á dà á nù, títí kan èyí tó wà nínú agolo. Wọn á dojú àmù dé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn obìnrin ilé á lọ sí ìsun láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, wọn á pọn omi tuntun wá. Ẹ ro ohun tí èyí ń ná wọn ní ìlú tí omi ti di ọ̀wọ́n gógó. Síbẹ̀ wọn kì í dá ife kan sí.

"Ìbídùn ló rán mi létí," ni Ẹfúnwùmí wí. Ìbídùn ni ìyàwó kékeré Fátókun. "Ó ní, 'Ìyálé mi, omi ìlú ńkọ́?' Mo rò ó títí. Mo ní, ọmọ mi fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé omi ni. Ohun tí gbogbo ìlú fẹ́ tìtorí rẹ̀ rí omi mu, ṣé a ó fi omi ikú sílẹ̀ nínú rẹ̀ ni? Ni a bá gbé wọn. Wọ́n wúwo, ọmọ mi, èèyàn méjì-méjì sí ọ̀kan. A ṣí ìdérí wọn bí o ti máa ń ṣí i, a dà á sórí ààtàn eérú. Ó sì hó. Mo ní, ẹ ò rí i, ikú wà níbẹ̀ lóòótọ́."

"Ẹ wá dojú wọn dé?"

"Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, nínú oòrùn. A ṣan inú wọn. Àná ni wọ́n pọn omi tuntun dé. Kí a tó bu ife kan sí àmù, tiwọn la kọ́kọ́ bù."

Ògúntóyè dìde, ó wọ yàrá àmù. Bátìrì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà ní àyè wọn, wọ́n mọ́ ju ọjọ́ tí wọ́n dé lọ. Ó ṣí ìdérí kan, ó fi imú sí i, kò gbóòórùn kankan. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi í kan ahọ́n. Omi ìsun ni. Ó tutù, ó sì dùn.

Nígbà tó jáde ló tó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀. Àkísà ni wọ́n fi wé e méjèèjì, epo pupa sì ti rin àkísà náà. Aṣọ tó ró lọ́jọ́ náà wà lórí okùn, ó ti lu jálajàla. "Omi ikú ni, ó gbóná," ni ìyá náà wí, bí ẹni tó ń ṣàlàyé ohun tí kò tó nǹkan. Ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀. "Ṣé a ṣe é dáadáa?"

Kí ni Ògúntóyè ì bá sọ? Obìnrin yìí sin ọkọ rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní, "Ẹ ṣé, ìyá. Ẹ kú iṣẹ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó so bátìrì kan mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó gbé e lọ sí Pọ́bẹ̀ lọ́dọ̀ Àkànmú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ réluwé. Àkànmú bu asíìdì fún un láti inú ìṣẹ́kù tirẹ̀. Wọ́n bù ú sínú bátìrì, wọ́n so ó mọ́ iná, wọ́n fi í sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ó dà bí ẹni pé ó gbé agbára, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Àkànmú tú u. Ó yọ awẹ́ òjé kan nínú àwọn awẹ́ òjé tó máa ń gbé agbára sára, ó fi èékánná kàn án, ó sì ń rún bí àkàrà àná.

"Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n da asíìdì nù nìkan ni, à bá rí i ṣe," ni Àkànmú wí. "Wọ́n ti sá a sóòrùn. Inú rẹ̀ ti gbẹ pátá. Márùn-ún yòókù náà ńkọ́?"

"Bákan náà."

"Ti réluwé kò ṣe é fún ọ. Nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀wọ̀n ni." Àkànmú gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ṣe sùúrù. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Àkànmú," ni Ògúntóyè wí, "agbè gan-an ló fọ́."

Ó padà sílé. Ó fi kábọ́nù tuntun sí dínámò, bó tilẹ̀ mọ̀ pé asán ni. Ọyẹ́ ọdún náà le, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ tọ̀sán-tòru, ẹ̀rọ náà ń yí lókè bí wèrè, agbára ń sọ̀ kalẹ̀ nínú wáyà, kò sì sí ibì kankan tí yóò wọ̀ sí. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, àtùpà á ṣẹ́jú pìrìpìrì. Bí afẹ́fẹ́ bá dá, àtùpà á kú. Àwọn tó ń ta ayò ní bóyá gíláàsì rẹ̀ ló dọ̀tí. Ògúntóyè kò lè jẹun. Bó bá di òkèlè mú, á wò ó, á dá a padà sínú àwo. Ìyá rẹ̀ rò pé ọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀ ni, ó ń tù ú nínú.

Ọ̀gá dé lọ́jọ́ tó dá, ní ọ̀sán, nínú Lándírofà. Mùsé Àlàgbé, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Àlàgbé lẹ́nu àwọn tó ń sọ Faransé, ni orúkọ rẹ̀, ará Àjàṣẹ́ ni, kì í ṣe èèyàn burúkú. Gbogbo ìlú pé jọ síwájú ilé Fátókun láti wo ọjọ́ tí omi yóò di tiwọn. Àwọn obìnrin tilẹ̀ ti ń yan ibi tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kànga náà sí, wọ́n ń jiyàn lé e lórí. Mùsé Àlàgbé wọlé, ó kí opó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹ̀rọ òdiwọ̀n kan bátìrì kìíní. Abẹ́rẹ́ kò mira. Ó kan ìkejì àti ìkẹta. Nígbà tó kan ìkẹfà tán, ó ṣí ìdérí, ó fi imú sí i, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Faransé ló fi sọ̀rọ̀. "Omi lásán ló wà níbí. Ta ló da asíìdì nù?"

Ẹfúnwùmí dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi àkísà wé sí àyà. Kò gbọ́ Faransé rárá, ó ń rẹ́rìn-ín sí àlejò.

"Ohun ìjọba ni," ni Mùsé Àlàgbé wí. "Àwọn sójà tó wà lórí oyè báyìí kì í ṣeré. Bí mo bá kọ ọ́ pé àwọn ará ilé ló ṣe é, àwọn ọlọ́pàá jàndáàmù á wá kó wọn lọ sí Pọ́bẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Sọ ẹni tó ṣe é fún mi."

"Èmi ni."

"Ìwọ? Ìwọ tí o tọ́jú bátìrì réluwé fún ọdún mọ́kànlá? O da asíìdì nù, o fi omi lásán rọ́pò rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O kò mọ̀ pé yóò kú ni?"

"Mo mọ̀," ni Ògúntóyè wí. Nínú ọkàn rẹ̀, kò parọ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ta ló ní kí wọ́n máa pè é lómi?

Mùsé Àlàgbé wò ó, ó wo ìyá náà, ó wo àkísà ọwọ́ rẹ̀. Bóyá ó fura, n kò mọ̀. Ó kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kànga ẹ̀rọ yóò lọ sí Atakora, wọn yóò wá tú òpó tó wà lẹ́yìn ilé, kí Ògúntóyè sì fara hàn níwájú àwọn jàndáàmù ní Pọ́bẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ó ní kí wọ́n kó àwọn bátìrì sínú ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin ìlú bá a gbé wọn, wọ́n ń yọ̀, wọ́n rò pé ó ń kó wọn lọ fi ohun tó tóbi jù wọ́n rọ́pò ni.

Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, Èṣùbíyì, tó jẹ́ àgbà àdúgbò, dúró lórí ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, "Ògúntóyè, ọjọ́ wo ni wọ́n dá fún kànga wa?"

Ògúntóyè wo gbogbo wọn. Bó bá sọ òtítọ́, ó mọ bí yóò ṣe rí. Ẹfúnwùmí kò ní lọ sí ìsun mọ́ láyé rẹ̀ kí obìnrin kan má sọ ọ́ sí i létí pé ọwọ́ rẹ̀ ló da omi ìlú nù. Wọn á sọ ọ́ sí Ìbídùn, wọn á sọ ọ́ sí àwọn ọmọ Ìbídùn. Ìyá rẹ̀ yóò sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí àwọn obìnrin ilé fi rìn lọ sí ìsun láìsọ̀rọ̀, ọwọ́ tó bó, gbogbo ìfẹ́ tó fi ṣe é, òun ló pa ohun tí Ìyábùnmi kú lé lórí. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí àgbàlagbà gbé lọ sí ọ̀run.

"Wọn kò dá ọjọ́ kankan," ló wí. "Wọn kò ní gbẹ́ ẹ. Èmi ni mo ba bátìrì jẹ́."

Obìnrin kan tó ti ń jiyàn nípa ibi tí kànga yóò wà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èṣùbíyì ní, "Báwo lo ṣe bà á jẹ́?" Ògúntóyè ní ọwọ́ òun ló ṣì í. Àgbà náà mi orí, ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ. Àwọn èèyàn sì ń tẹ̀lé e lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí iwájú ilé fi ṣófo.

Ẹfúnwùmí ló kù. Ó ní, "Ṣé lẹ́yìn tí a pààrọ̀ omi rẹ̀ lo bà á jẹ́?"

"Lẹ́yìn rẹ̀ ni, ìyá."

"A fún un lómi tó mọ́."

"Ẹ fún un lómi tó mọ́."

Ìyá náà ń wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. "Omi yìí ló pa àbúrò rẹ," ló wí. "Èmi opó, mo gbé e, mo ṣàn án, mo tọ́jú rẹ̀ dè ọ́. Ìwọ lo wá bà á jẹ́. Kí ni mo ṣe fún ọ, Ògúntóyè?"

Ẹnu Ògúntóyè ti gbẹ, láti òwúrọ̀ kò tíì fi nǹkan kan kan ahọ́n. Ó rìn lọ sí yàrá, ó mú ife, ó na ọwọ́ sí àmù. Ẹfúnwùmí ti tẹ̀lé e. Ó gbé ọwọ́ alákìísà rẹ̀ lé ìdérí àmù.

"Àwọn obìnrin ló fi ẹsẹ̀ wọn lọ pọn èyí," ló wí. "Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́, ìwọ náà mọ ọ̀nà ìsun."

Ògúntóyè fi ife sílẹ̀. Ó mú agbè kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó jáde, ó gba ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú oòrùn. Àwọn obìnrin tó ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò lórí yà fún un kó kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kí i.